Aago Ní Ìyá Ẹlẹ́kọ Kò Rìn

Àṣà tuntun kan ti wọ Àjàṣẹ́ wa, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kì í ṣe ti aṣọ, kì í sì í ṣe ti irun. Àwọn ará ìlú ńlá ni wọ́n kó o wá bá wa: láti Kútọnu ní ọjọ́ Sátidé, láti Èkó nígbà ọdún, láti Paris nígbà ìsinmi. Wọ́n ní àwọn wá ṣe eré ìdárayá ìbílẹ̀ tí kò wọ́n. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn ohun ọ̀pọ̀ tó ẹni tí owó kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó sì wọ bàtà tí iye rẹ̀ tó owó ilé oṣù mẹ́ta ní àdúgbò wa ni yóò máa là wá lóye pé ìrìn ẹsẹ̀ kì í náni ní kọ́bọ̀.

Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ti pẹ́ ní Paris, dé sọ́dọ̀ mi ní oṣù Kejìlá. Láti ọdún 1999 ni yúrò kan ti jẹ́ sẹ́fà 655 ó lé díẹ̀, tí kò sì yẹ̀ rárá, nítorí náà ìṣirò kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ó fi iye yìí pín owó ọkọ̀, ó pín owó omi inú ọ̀rá, ó pín owó ẹran tí mo fi ṣe é lálejò, ó sì ń pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fẹ́ ni!” Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Èmi ni mo san án.

Ní òwúrọ̀ kejì, bí àwọn ènìyàn ṣe ń ti ibi ìrun àsùbá bọ̀, ó wọ ṣòkòtò kan tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ ìlù Àjàrá, ó bọ́ sí títì, ó ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Àdúgbò wa kò fi òwe yìí ṣeré. Alájì ilé kejì yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òun yóò rí ajá, ọmọ kan tí ó ń lọ sí ilé kéú kó eré tẹ̀lé e láìbéèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nígbà tí ó sì padà dé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà kí i pé, “Ẹ kú ewu o!” Ìkíni náà bá a mu, nítorí pé ọlọ́kadà méjì ni ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣánlẹ̀.

Eré ìbílẹ̀ tí ó ní òun ṣàwárí ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Ọ̀gánlá, níbi tí àwọn bàbá tí wọ́n ti fẹ̀yìntì ti máa ń ta pẹ́táńkì, eré jíju bọ́ọ̀lù irin, lálaalẹ́, ó gbé fóònù sókè, ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun wá wo eré àbáláyé ilẹ̀ wa. Mo ní kí ó rọra. Ní La Ciotat, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé tí òun fúnra rẹ̀ ti wá, ni wọ́n ti dá eré yìí sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Àwọn Faransé gba ilé wọn lọ ní 1960, wọ́n sì gbàgbé irin wọn sọ́dọ̀ wa. Orúkọ eré náà, nínú èdè àwọn ará ibẹ̀, kò ju pé kí ẹsẹ̀ rinlẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fẹ́ ju irin yóò dúró sínú àmì róbótó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé wọn títí irin náà yóò fi balẹ̀, ohun tí ó ń jù ú sún mọ́ sì wà ní mítà mẹ́fà sí mẹ́wàá síwájú rẹ̀. Irin náà kò ju 800 gíráàmù lọ. Àbúrò mi dúró lójú kan fún wákàtí mẹ́ta, ó jẹ ẹ̀pà agolo kan, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti ṣe eré ìdárayá ti ọjọ́ náà.

(Bọ́ọ̀lù igi kékeré tí gbogbo wọn ń ju irin sún mọ́, cochonnet ni Faransé ń pè é, ìyẹn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Mo fi ojú mi rí Alájì kan tí ó ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, tí ó nà gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọn lọ́wọ́, tí ó ń búra pé nínú gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀, òun ni òun sún mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ jù. Mo ba ẹnu mi wí kí n tó rẹ́rìn-ín.)

Ọ̀sà náà kò gbẹ́yìn. Ó san owó ọkọ̀ ojú omi lọ sí Aguégués, àwọn abúlé orí omi, kò sì tíì jìnnà sí èbúté tí ó fi bẹ ọlọ́kọ̀ pé kí ó gbé àjẹ̀ fún òun. Ó ní ní ìlú àwọn, ènìyàn a máa san owó oṣooṣù kí ó lè wọ inú ilé kan lọ tu ọkọ̀ tí kò lọ síbì kan. Ọlọ́kọ̀ bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi gbé ọkọ̀ náà sínú omi. Ọlọ́kọ̀ kò rí èsì, ó bá jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, àlejò sì tù ú dé ilé. Nígbà tí a fi padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọlọ́kọ̀ ti ní owó méjì: iye kan fún ẹni tí yóò jókòó, iye tí ó ju ìyẹn lọ fún ẹni tí yóò fúnra rẹ̀ tu ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ rẹ̀ ni olórí gbogbo rẹ̀. Aago yìí ń ka ìṣísẹ̀, ó sì gbọdọ̀ pé ẹgbàárùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́jà ni ó dá iye náà sílẹ̀, kì í ṣe oníṣègùn: ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ kan ní Japan ń ta ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n sọ ní manpo-kei, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀, láti ìgbà náà ni gbogbo ayé sì ti ń ka ẹsẹ̀ ara wọn. Àbúrò mi ní òun fẹ́ mọ iye tí Ìyá Ẹlẹ́kọ ń rìn. Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, a kì í sì í jí kí a má gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì. A so aago mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé igbá, ó kiri dé ọjà Ouando, ó sì kiri padà, ẹ̀kọ tán pátápátá. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni ó fi di igbá mú lórí láti àárọ̀. Kò jù ú síwájú, kò jù ú sẹ́yìn. Aago ní ìṣísẹ̀ 412. Bí a ti ń tú u lọ́wọ́, ó gbọ̀n, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan jáde, tí àbúrò mi fi ìtìjú túmọ̀ fún Ìyá: ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn díẹ̀.

“Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Aago ni, Mà.”

“Ó dára. Kí ó wá bá mi ru igbá lọ́la.”

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi gba aago rẹ̀ padà, ó gun ọ̀kadà lọ sí Àjàrá, ó ra ìlù kan, ó sì gun ọ̀kadà padà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kún fún kòtò, ó sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé mi, aago náà tan iná, ó ń kí i kú oríire: ẹgbàárùn-ún ti pé. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń yọ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ ń kọjá lọ nígbà náà, igbá lórí, ọwọ́ lára igbá.

“O kú ìrìn o, ọkọ mi,” ni Ìyá wí.