Ẹ Má Fọwọ́ Sí Pílánù Ilé Ìwòsàn Tí Kò Ro Ti Ariwo

Bí iná NEPA bá lọ lóru, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri wọ́ọ̀dù ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni ìlú Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé ògiri ń gbọ̀n. Ṣíbí inú ife ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń ró wọnrọnwọnrọn. Jẹnẹrétọ̀ ló wà lábẹ́ fèrèsé, orí kọnkéré tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n sì gbé e lé. Ẹni tó ń rọbí ń gbọ́ ọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní tíátà ń gbọ́ ọ, nọ́ọ̀sì sì ní láti pariwo kí dókítà tó gbọ́ orúkọ oògùn tó ń pè.

A kò sọ pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí UCH Ìbàdàn alára ti lo nǹkan bí ọjọ́ 100 láìrí iná ìjọba, láti òpin oṣù kẹwàá 2024 wọ ọdún 2025, ta ni yóò sọ irú rẹ̀? Ohun tí à ń sọ ni pé ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò jókòó sí àti ohun tí yóò jókòó lé, inú pílánù ló yẹ kí wọ́n ti parí rẹ̀, kí bírìkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí pílánù ilé ìwòsàn kankan mọ́ tí kò bá dáhùn ìbéèrè yìí.

Oorun wà lára ìtọ́jú. Ariwo ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń mú ọkàn sáré, àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ló sì ń dà láàmú jù: ariwo òjijì lè mú kí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé Amẹ́ríkà fi sọ lọ́dún 1997 pé ariwo yàrá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju dẹ́síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 45 lọ. Lọ́dún 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 30 ló yẹ wọ́ọ̀dù lóru. Òfin tiwa gan-an, èyí tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, gbé jáde lọ́dún 2009, fi 45 sí ọ̀sán àti 35 sí òru fún ilé ìwòsàn. Òfin ti wà nílẹ̀, ilé tí yóò pa á mọ́ ni a kò kọ́.

Ọ̀pọ̀ onílé ìwòsàn ra jẹnẹrétọ̀ soundproof, èyí tó wà nínú àpótí tó ń dín ariwo kù, wọ́n sì rò pé ó parí. Ariwo tó ń gba afẹ́fẹ́ nìkan ni àpótí yẹn ń dín kù. Èyí tó kù ń gba ẹsẹ̀ ẹ̀rọ wọ kọnkéré, ó ń gba kọnkéré wọ òpó, ó ń gun òpó dé àjà kẹta. Dókítà ojú tó ń fi maikirosíkóòpù ṣiṣẹ́ abẹ mọ ohun tí à ń wí: bí ẹ̀rọ náà ṣe ń sọ iṣan kékeré di ńlá lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ gbígbọ̀n tábìlì di ńlá. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe sí i kò ṣòro. Wọ́n á da kọnkéré jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀, kò ní kan ti ilé. Wọ́n á fi sípíríǹgì tàbí rọ́bà tí wọ́n ṣírò fún ìwúwo rẹ̀ sábẹ́. Páìpù èéfín yóò ní oríkèé tó rọ̀ kó tó kan ògiri. Bákan náà ni fún pọ́ńpù omi àti ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé. Nígbà tí ilé kò tíì dìde, owó kékeré ni. Tí ilé bá ti dìde, fífọ́ ni.

Ooru ni wọ́n sábà ń fi ṣàwáwí. Lóòótọ́, wọ́ọ̀dù wa nílò fèrèsé tó ṣí, fèrèsé tó ṣí sì ń gba ariwo wọlé. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ilé tó mọṣẹ́ á kọ ojú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, sítọ́ọ̀ àti àtẹ̀gùn sí títì, á wá yí fèrèsé wọ́ọ̀dù sí àgbàlá ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ pílíwúùdù tí wọ́n fi ń pín yàrá dókítà tún wà, nítorí kì í dí ohùn: ohun tí dókítà bá sọ fún ẹnìkan nípa àyẹ̀wò HIV rẹ̀, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ti gbọ́. Ìwà ìkà gbáà ni.

Ní Èkó, HEFAMAA ló ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé, LASEPA ló ń mójú tó ariwo, a sì ti rí i tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ilé ọtí pa nítorí rẹ̀. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí pílánù tó bá dé iwájú wọn fi ibi tí gbogbo ẹ̀rọ yóò wà hàn. Kí wọ́n má yọ ilé gbígbé tí ẹnìkan fẹ́ sọ di ilé ìwòsàn sílẹ̀. Kí ilé ìwòsàn tuntun má sì rí ìwé gbà títí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo wọ wọ́ọ̀dù rẹ̀ lóru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn tí ilé wọn ti dúró, títí kan ti ìjọba fúnra rẹ̀, ẹ fún wọn lọ́dún méjì láti tún un ṣe, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé.