A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Nígbà Tí Páìpù Bẹ́ Tí Owó Kò Sí Nílé

Àwọn àgbà ló sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àìsàn tó ń yọ sí ni lára ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara, èkejì kàn ń yún ni ni. Ẹni tí owó oògùn rẹ̀ kò tó ni òwe yìí ń bá wí jù lọ, nítorí olówó lè ra oògùn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ẹnu gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ tọ́jú. N kò mọ ibi tí òwe náà ti wúlò tó ọ̀rọ̀ omi inú ilé: páìpù tó bẹ́ lóru, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń da ẹ̀gbin padà, tánkì tó ń jò sára ògiri, ní àkókò tí owó oṣù kò tíì wọlé tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀ tí a kò tíì san.

Ìpayà ló ń kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ pa ẹ̀rọ tí ń fa omi, kí ẹ sì ti fáàfù tó wà nísàlẹ̀ tánkì. Gbogbo ará ilé, títí kan ọmọ tó ti lè dá wà nílé, ló yẹ kó mọ ibi tí fáàfù náà wà, nítorí omi tí a ti dá dúró kò lè ba nǹkan jẹ́ mọ́, a ó sì lè fara balẹ̀ pe plọ́ńbà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, dípò kí a san iyekíye tí ẹni tó bá wá lóru bá bu lé wa. Bí omi bá ti dé ibi tí wáyà iná gbà, ẹ pa iná gbogbo ilé láti ibi súìsì ńlá, bí ọ̀nà ibẹ̀ bá gbẹ. Bí páìpù bá kàn sán ni, a lè gé rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́, kí a fà á le, kí a wé e mọ́ ojú ibi tó sán, kí a sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dè é. Ìyẹn lè ràn wá lọ́wọ́ fún ọjọ́ mélòó kan tí a óò fi wá owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe.

Nínú gbogbo ohun tó lè bàjẹ́, omi ẹ̀gbin ni mo kà sí ẹ̀tẹ̀ gan-an. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó máa ń fúnni ni pé kí mítà 30, ó kéré tán, wà láàárín kànga àti ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń wọlẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni plọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa kọ́lé sí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lọ, èyí tí gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá mítà 36, tí ilé fúnra rẹ̀ sì ti gba àárín rẹ̀. Nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, bí páìpù tí ń gbé ẹ̀gbin lọ sí sókàwéè bá fọ́ lábẹ́ ilẹ̀, ohun tó wà láàárín ẹ̀gbin náà àti omi tí a ń mu kò pọ̀ rárá. Àwa tí a rí bí àrùn onígbáméjì ṣe jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024 kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èyí. Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá lè ṣe ju ohun kan ṣoṣo lọ, èyí ni kí ẹ fi ṣe, kí ẹ sì máa se omi kànga hó dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Páìpù tó ń jò nínú ògiri tàbí lókè àjà, nítòsí wáyà, ló tẹ̀ lé e. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán tó, sínkì tó là, àti ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi rẹ̀ kò ṣàn mọ́ àfi kí a bu omi sí i, làpálàpá ni gbogbo wọn. Ẹ gbé garawa sábẹ́ èyí tó ń kán, kí ẹ sì máa fi omi rẹ̀ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nígbà tí plọ́ńbà bá dé, ẹ ní kí ó ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́, kí ẹ sì bá a lọ síbi tí yóò ti rà á. Ẹ bi í bóyá ibi tó bẹ́ nìkan ni a lè gé kúrò. Àmọ́ bí páìpù kan náà bá ti bẹ́ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sàn kí a pààrọ̀ rẹ̀ ju kí a tún máa lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin lọ. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ògiri lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ, kí omi tánkì tó kún wá ti páìpù náà, kí ojúmọ́ kan ó kéré tán kọjá lórí rẹ̀, nítorí mo ti rí ilé tí wọ́n ti tún táìlì fọ́ torí ìkánjú, tí owó táìlì sì wá ju owó páìpù lọ.

Ní ti owó náà, bí ẹ bá wà nínú àjọ, ẹ lọ bá ẹni tí ó kàn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ kó ṣáájú òun. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀yáwó pàjáwìrì, nítorí èlé wọn máa ń mọ níwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè béèrè onígbọ̀wọ́. Ẹ̀yáwó orí fóònù ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ máa ń ga, àkókò tí wọ́n ń dá fún sísan rẹ̀ kì í pẹ́, àwọn kan nínú àwọn tó ń yáni lówó bẹ́ẹ̀ sì ń fi iṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù ẹni tó jẹ wọ́n. FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní ọdún 2022, ó sì ń gbé orúkọ àwọn ayánilówó tí òun fọwọ́ sí jáde. Bí ẹ kò bá rí orúkọ wọn níbẹ̀, ẹ má ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ẹ sì rí i, ẹ̀tẹ̀ nìkan ni kí ẹ torí rẹ̀ yá owó. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má ṣe tètè gbà pé tiyín ni gbogbo ìnáwó náà. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ilé yíyá ní ọdún 2011 fi àtúnṣe ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò sí ọrùn onílé, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Tánkì àti sókàwéè tí gbogbo àgbàlá jọ ń lò kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Ẹ ya fọ́tò ibi tó bàjẹ́, kí ẹ kọ̀wé sí bàbá onílé tàbí aṣojú rẹ̀ kí ẹ tó náwó, kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé bí wọ́n bá gbà pé kí ẹ yọ owó náà lára owó ilé. Bí ó bá wá di àríyànjiyàn, Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń bá onílé àti ayálégbé parí ọ̀rọ̀ láìgba kọ́bọ̀; ẹ kó fọ́tò, lẹ́tà àti rìsíìtì dání lọ síbẹ̀.