A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ìjọ tí Ń Wá Pásítọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ àrùn méjèèjì dunjú. Làpálàpá a máa yún ènìyàn, a máa hàn sí gbogbo ayé, ìtìjú rẹ̀ a sì máa mú kí ẹni tí ó ní in sáré wá ewé tàbí ọṣẹ tí yóò fi pa á. Ẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ a máa pa ara kú, tó bẹ́ẹ̀ tí iná lè máa jó ẹlẹ́tẹ̀ lọ́wọ́ kí ó má sì mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí ó ń yún wa ni a máa ń tọ́jú. Èyí tí ó ti pa wá lára kú, a ó fi í sílẹ̀ nítorí pé kò dùn wá. Òwe yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí ìjọ tí mo wà, ní ìlú kan ní Èkìtì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá pásítọ̀ tuntun.

Àwa Onítẹ̀bọmi kò rí bí àwọn ará wa ní Áńgílíkà, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù ti lè gbé àlùfáà láti ìlú kan lọ sí òmíràn, tí ìjọ yóò kàn gbọ́ ìkéde rẹ̀. Ní tiwa, ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó ń pe pásítọ̀. A ó yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ yóò yẹ ìwé àwọn tí ó fẹ́ iṣẹ́ náà wò, yóò pe àwọn tí ó bá wù ú wá wàásù, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìjọ yóò dìbò ní ìpàdé. Bí a bá ṣìnà, a kò ní bíṣọ́ọ̀bù kankan tí a lè di ẹ̀bi rù.

Kí ni ìgbìmọ̀ wa ń wá? Ìwé-ẹ̀rí gíga ni ó ṣáájú. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ Èkìtì ni èmi náà, mo sì mọ ohun tí ìwé jẹ́ fún wa, àwa tí a máa ń fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti agboolé wa jáde yangàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti ìwé kúrò, ọjọ́ orí ni wọ́n tún gbé dé, wọ́n ní kí ó má dàgbà jù, kí ó má sì kéré jù. Wọ́n béèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ lè darí ẹgbẹ́ obìnrin, bí ẹni pé owó oṣù kan ni a fẹ́ fi gba òṣìṣẹ́ méjì. Bàbá kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní ọkọ̀, nítorí pé kò yẹ kí ayé máa rí pásítọ̀ ìjọ bíi tiwa lórí ọ̀kadà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń wá ẹni tí yóò lè kó owó jọ láti parí ilé ìsìn tuntun tí a ti ń kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìdí tí pásítọ̀ àná fi lọ. A ṣe ìsìn ìdágbére fún un, a fún un ní àwo ìrántí, a ya fọ́tò, a sì jẹ iyán. Gbogbo ìgbà yẹn, owó oṣù tí a jẹ ẹ́ wà nílẹ̀, àwọn díákónì méjì tí wọ́n ń fà á sọ́tùn-ún sósì kò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ di òní. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí àwọn ọ̀dọ́ wọlé sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń jókòó sẹ́yìn ní ilé ìsìn wa, wọn a lo sáà kan tàbí méjì pẹ̀lú wa, wọn a sì lọ láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan mọ orúkọ wọn. Àwọn ìyá wa tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn ilé ìsìn mọ́, ta ni ó ń lọ kí wọn, tí ó ń bá wọn gbàdúrà ní ẹ̀ka èdè Èkìtì tí wọ́n gbọ́ jù lọ? Ibi tí ara wa ti kú nìyí. Kò dun ìgbìmọ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń dùn kò sí nínú ìgbìmọ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni mo ń sọ, kí ó ṣí Tímótì Kìíní, orí kẹta. Nínú gbogbo ohun tí Pọ́ọ̀lù kà sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ṣe alábòójútó, ẹyọ kan ṣoṣo tí a lè pè ní ìmọ̀ iṣẹ́ ni pé kí ó lè kọ́ni. Ìwà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìyókù: kí ó má jẹ́ olójúkòkòrò owó, kí ó má jẹ́ oníjà, kí ó lè gba àlejò, kí ó mọ bí a ti ń tọ́jú ilé ara rẹ̀, kí ó sì ní ẹ̀rí rere lọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín pàápàá, Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC (Christ Apostolic Church), tí a sin sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní 1959, ọkọ̀ tí ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà fún ìjọba nígbà tí ìpè dé bá a ní 1928. Mo máa ń bi ara mi léèrè ibi tí ìgbìmọ̀ wa ì bá ju ìwé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí.

Síbẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí inú ń bí bíi tèmi. Òwe náà kò sọ pé làpálàpá kì í ṣe àrùn. Òjò ń wọ inú ilé ìsìn tí a ń lò, ẹni tí ó sì ti sọ pé àwọn bàbá wa kò ní ẹ̀rí-ọkàn nítorí pé wọ́n ń ronú nípa òrùlé ti ṣe àṣejù. Dídá owó ìdámẹ́wàá dúró tàbí kíkó lọ sí ìjọ mìíràn kò ní mú ìgbìmọ̀ gbọ́n. Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú ìgbìmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwàásù ọjọ́ kan ṣe ìdájọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti ṣe ìwàásù yẹn ní ìjọ mẹ́rin ṣáájú tiwa. Ẹ rán ènìyàn méjì lọ sí ìlú tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n má lọ bá díákónì ibẹ̀ nìkan. Kí wọ́n bi obìnrin tí ń ta ata fún ìyàwó rẹ̀ bóyá ó máa ń san gbèsè, kí wọ́n bi onílé rẹ̀ bí ó ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì wádìí bí ó ti ṣe nígbà tí tálákà kan kú nínú ìjọ rẹ̀ tí kò sí owó ìsìnkú. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí òun náà bi wá léèrè, kí a sì sọ iye tí a lè san fún un gan-an, kí a sọ pé a ti jẹ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ní gbèsè, kí a sì ti san án kí ó tó dé.

Ìpàdé tí a ó ti dìbò kò ní pẹ́ dé mọ́. Kí ó tó dé, mo bẹ̀ yín, ẹ pín orúkọ àwọn tí kò wá sí ilé ìsìn mọ́ láàárín ara yín, ẹ lọ kí wọn nílé ní méjì méjì, ẹ jókòó, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n ní í sọ dópin kí ẹ tó tún kọ̀wé pe ẹlòmíràn wá wàásù.