Igi Gogoro àti Igbó Ọ̀ṣun

Àwọn àgbà ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá." Bí a bá fara balẹ̀ wo òwe yìí, a ó rí i pé igi náà kò rìn rárá; ojú ni ó ń lọ bá a. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé àwa ará Òṣogbo ni òwe náà ń bá wí lónìí, lórí ọ̀rọ̀ igbó Ọ̀ṣun, igbó mímọ́ tó wà létí odò Ọ̀ṣun nílùú wa.

Igi ni ó bí orúkọ ìlú wa. Ìtàn sọ pé nígbà tí Láròóyè àti Tìméhìn ọdẹ tẹ̀dó sí etí odò, igi kan tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi ni ẹ ti fọ́ tán!" Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gé o, gbogbo ìkòkò ni ó sì fọ́. Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀, wọ́n kó kúrò létí omi.

Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni ó ní irú igbó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn odi rí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti di ilé àti oko. Díẹ̀ ni ó kù kí tiwa náà bá wọn lọ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gégi, tí wọ́n ń dọdẹ, tí wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀, kí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa bíi Adébísí Àkànjí tó dìde láti tún àwọn ojúbọ ṣe, tí wọ́n sì mọ ère síbẹ̀ láti fi dáàbò bo ilẹ̀ náà. Ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan rẹ̀ ní 1965, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ ní 1992, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Nǹkan bí hẹ́kítà 75 péré ni.

Òfin wà, ògiri wà, ṣùgbọ́n ewu kì í fìgbà gbogbo gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Bí a bá gé igi tó wà létí igbó, oòrùn àti ìjì yóò kọjú sí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò mọ ju ibòòji lọ. Bí iná oko bá sì ràn lẹ́ẹ̀rùn, àwọn igi etí igbó yìí ni yóò kọ́kọ́ jó. Èyí tó dùn mí jù ni ti odò. Àwọn awakùsà tó ń wa góòlù lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Wọn kò gbé àáké wọ inú igbó wa, ṣùgbọ́n omi yẹn kan náà ni gbòǹgbò àwọn igi etí odò ń mu.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lágbègbè igbó náà, mo bẹ̀ ọ́, kí o tó sanwó, mú ẹni tó mọ ààlà dání, kí ẹ jọ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bí onílẹ̀ bá sì sọ pé igi méjì péré ni ẹ ó gé, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìkòkò aró mélòó ni igi kan fọ́ níjọ́sí.