Ìwé Kì Í Sọ Ọmọ Di Gay, Ẹ Ní Kí Kánsù Gbọ́wọ́ Kúrò Nínú Ilé Ìkàwé

Lánàá ni wọ́n tún fi ohùn kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwa òbí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ọ̀gbẹ́ni náà ń pariwo pé ìwé ọkùnrin-tó-ń-fẹ́-ọkùnrin ti kún ilé ìkàwé kánsù, pé bí ọmọ bá ti ka ẹyọ kan péré, ó parí, ohun tó kà ló máa dà. Ó ní kí gbogbo wa kọ̀wé sí kánsù kí wọ́n kó wọn dànù. Èèyàn mọ́kànlélógún ló fi "Àmín" sí i. Àmín sí kí ni?

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó nídìí tábìlì ilé ìkàwé ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Èmi ni mò ń gbàwé padà, èmi náà ni mò ń tò ó. Ìwé táwọn ọmọdé máa ń kà fàya jù ni ti dáínósọ̀. A óò fi téèpù lẹ̀ ẹ́ títí téèpù á fi pọ̀ ju bébà lọ. Mi ò tíì rí ọmọ kankan tó hu ìrù. Àwọn àgbà ńkọ́? James Patterson tó ń kọ ìtàn ìpànìyàn ni wọ́n yá ìwé rẹ̀ jù nílé ìkàwé orílẹ̀-èdè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún máa ń yá mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ pe ọlọ́pàá sí màmá.

Ká fi àwàdà sílẹ̀. Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Odindi orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi dán an wò, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì gbà. Lọ́dún 1988, ìjọba Margaret Thatcher, tó jẹ́ olórí ìjọba níbí nígbà yẹn, ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Section 28. Ó ní kánsù kankan kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìbálòpọ̀ akọ-sí-akọ tàbí abo-sí-abo lárugẹ, kò sì gbọdọ̀ tẹ ìwé jáde nítorí rẹ̀. Lára ohun tó koná mọ́ ìjà náà ni ìwé àwọn ọmọdé kan láti Denmark, Jenny Lives with Eric and Martin: ọmọbìnrin kékeré kan ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ń fẹ́. Ariwo ta nínú ìwé ìròyìn bí ẹni pé wọ́n ti há a fún gbogbo ọmọ iléèwé. Ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀dà rẹ̀ ni ilé ìkàwé tí wọ́n ṣe fáwọn olùkọ́ ní London. Olùkọ́ o!

Òfin yẹn wà títí di ọdún 2000 ní Scotland, ó sì di 2003 kó tó kúrò ní England àti Wales. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti ń lọ síléèwé girama kó tó kógbá sílé. Tó bá jẹ́ ìwé ló ń fa nǹkan yìí, ṣebí ó yẹ kí iye àwọn gay já wálẹ̀. Natsal, ìwádìí ńlá tí wọ́n ń ṣe nípa ìbálòpọ̀ níbí, bi àwọn ẹni ọdún 16 sí 44 léèrè. Ní nǹkan bí 1990, obìnrin 1.8 nínú 100 ló ní òun ti bá obìnrin lò pọ̀ rí. Ní nǹkan bí 2000, tí òfin náà ti pé ọdún méjìlá, ó ti di 4.9. Tàwọn ọkùnrin kúrò ní 3.6, ó di 5.4. Ṣé ẹ rí i? Òkè ló lọ. Ó dáa, mo gbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu àwọn èèyàn ló túbọ̀ yá láti jẹ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ní òfin náà dín ẹnì kan kù, kó fi hàn mí.

Ohun tó dín kù ni ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùkọ́. Kò sí kánsù kan tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lábẹ́ òfin yẹn rí. Ìbẹ̀rù ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Olùkọ́ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ kan ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, ó dákẹ́, torí kò mọ ibi tí òfin fẹnu sí. Lọ́dún 2009, David Cameron, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Thatcher kan náà nígbà yẹn, tọrọ àforíjì lórí ẹ̀.

Gbogbo gay tí mo mọ̀, mo sì mọ̀ wọ́n dáadáa, ìtàn ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n kà dàgbà. Ọmọ ọba fẹ́ ọmọbìnrin arẹwà, wọ́n bímọ, ó tán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ìyẹn ò ràn wọ́n?

Ìwé kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, And Tango Makes Three, tó jáde ní 2005. Ẹyẹ pẹ́ńgúìnì méjì, Roy àti Silo, akọ ni àwọn méjèèjì, wọ́n jọ sàba lé ẹyin kan títí ó fi pa, wọ́n sì tọ́ ọmọ náà ní ọgbà ẹranko Central Park ní New York. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé náà fi wà lókè lára àwọn tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò nílé ìkàwé ní Amẹ́ríkà. Ìwé wo ni Roy kà? Silo tiẹ̀ padà lọ bá abo kan tó ń jẹ́ Scrappy. Ta ló fún òun náà níwèé? Mo ka ìtàn yìí fún ọmọ mi ọkùnrin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá ẹsẹ̀ pẹ́ńgúìnì kì í tutù.

Wọ́n á ní àṣà, wọ́n á ní ẹ̀sìn. Mo ti gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun kà á, kó má yá a fún un. Ìdí tí a ṣe ń bi òbí kí a tó fọ́mọ ní káàdì nìyẹn. Tìrẹ lo láṣẹ lé lórí, kì í ṣe tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ìwé kan wà tí kò yẹ ọmọ kékeré, ìdí nìyẹn tí ṣẹ́ẹ̀fù àgbà fi yàtọ̀ sí ti ọmọdé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, kánsù Cumberland ní Sydney, Ọsirélíà, dìbò 6 sí 5 pé kí wọ́n kó ìwé tó dá lórí òbí akọ méjì tàbí abo méjì kúrò nílé ìkàwé wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn lè dá owó dúró, kánsù sì yí ìpinnu náà padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kánsẹ́lọ̀ tó gbé àbá náà wá sọ fúnra rẹ̀ pé òun ò tíì ka ìwé tí òun ń bá jà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi ọ̀gbẹ́ni olóhùn wa léèrè lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ kà nínú àwọn ìwé náà, kí n lè bá yín wò ó nílé ìkàwé?" Àmì búlúù méjì ti yọ látàárọ̀.