Pàṣán Tó Wà Lájà

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́ pé kí ìjọba na àwọn òpùrọ́ orí fóònù, kó kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà.

Mi ò sọ pé irọ́ ò burú o. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà àrùn Ẹ̀bólà, ẹ̀gbọ́n màmá mi wá kanlẹ̀kùn wa ní agboolé nítòsí Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́: ẹ yáa fi omi iyọ̀ wẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu díẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan ló pè é, ẹlòmíràn ló pe ìyẹn. A wẹ̀. Bàbá mi nìkan ló kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹran tí wọ́n fẹ́ sè. Níbòmíràn ní Nàìjíríà, àwọn kan mu ún kú. Àwọn oníṣègùn tó bọ́ sórí rédíò ló pa irọ́ náà lágboolé wa, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Sani Musa gbé àbá òfin irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wá ní 2019, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn 300,000 náírà, tàbí méjèèjì. Àṣé ọlọ́pàá ló máa sọ èyí tó jẹ́ irọ́! Àwọn kan náà tó kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì.

A ti jẹ pàṣán yìí rí. Òfin ológun kẹrin ti 1984 ka ìròyìn tó bá dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba sí ẹ̀ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ òótọ́. Wọ́n torí ẹ̀ ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ní ọba kì í pa òkorin. Ní 2021 ni ìjọba ti Twitter pa fún oṣù méje. Ẹni tó ń polówó igbá fínfín níbẹ̀ ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ọjà tiẹ̀ náà kú. Ilé ẹjọ́ ECOWAS padà sọ pé títì tí wọ́n ti Twitter pa kò bófin mu.

Bí òfin bá máa wà, adájọ́ ni kó dájọ́ irọ́, kì í ṣe ẹni tí ìròyìn ń ta lára. Àbá ti 2019 ò di òfin, ṣùgbọ́n wọn ò jó o, àjà ni wọ́n gbé e sí.

Mo ka ibì kan níbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi: ẹni tó tan irọ́ kálẹ̀, tó mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, lóru ọjọ́ yẹn, ta ló máa sọ ohun tó yẹ kí n mọ̀?”