Wọ́n Yọ Owó Mi, Ẹni Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sí Ò Rí I

"Ìfowóránṣẹ́ yín ń lọ lọ́wọ́." Ohun tí áàpù báńkì mi ń wí nìyẹn. Láti ọ̀sán àná ló ti ń lọ lọ́wọ́! Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí, kò padà sọ́dọ̀ mi, gbogbo ẹni tí mo bá sì pè ní báńkì ló ń sọ pé kí n ní sùúrù. Sùúrù mi ti tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, irú rẹ̀ ti ṣe gbogbo wa rí.

Ojú laptop mi ló fọ́. Laptop yẹn ni mo fi ń jẹun: kọ́ódù ni mò ń kọ, ará Jámánì sì ni àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé mi ní Kubwa. Mo gbé e lọ sí Wuse 2, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Banex, níbi tí gbogbo Abuja ń gbé fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn lọ. Ọmọkùnrin ará Ìṣẹ́yìn kan ló bá mi pààrọ̀ ojú rẹ̀, ọmọ tó mọṣẹ́ dunjú. Ó ní 85,000 náírà, mo ná an títí, kò gbà, mo ní kò burú. Aago méjì ti lé díẹ̀. Aago mẹ́rin ni mo ní ìpàdé tí mo ti fẹ́ fi iṣẹ́ tí mo ti ń bá bọ̀ han àwọn ọ̀gá mi. Àyè wà dáadáa láti dé Kubwa.

Mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ jáde, mo kà á sí i létí, ó ní òun ni. Mo tẹ PIN. Alert tèmi wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: wọ́n ti yọ 85,000. Áàpù gbé rìsíìtì jáde pé owó ti dé. A wá ń retí tiẹ̀.

A retí, retí. Ó jáde síta lọ wá nẹ́tíwọ̀kì, ó pa fóònù, ó tún un tàn, ó wo bálánsì rẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. N ò tíì rí i."

"Àbúrò, wò ó, wọ́n ti yọ ọ́. Wo rìsíìtì."

"Mo rí i, mà. Ṣùgbọ́n irú rìsíìtì yìí náà ni ẹni tó fi fake alert gbé fóònù lọ mọ́ mi lọ́wọ́ fi hàn mí. Èmi ni mo san án fún ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i."

Kí ni kí n bá a jà fún? Ọmọ ọlọ́mọ ò jẹ̀bi. Àwọn báńkì ló ba rìsíìtì jẹ́. Nígbà tí áàpù bá kọ ọ́ gàdàgbà pé owó ti dé, tí owó ò sì dé, báwo ni aláròóbọ̀ ṣe fẹ́ mọ tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú? Nígbà tó yá ni áàpù yí ohùn padà, tó ní owó ń lọ lọ́wọ́.

Mo pe báńkì. Tẹ ọ̀kan, tẹ èjì, orin, orin, owó ìpè ń lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin kan máa gbé e, mo ka session ID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lórí rìsíìtì, sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ló bá bi mí pé ọjọ́ wo ni mo fi owó náà ránṣẹ́, aago mélòó sì ni?

Ibẹ̀ ni orí mi ti gbóná. Nọ́ńbà tó ní díjíìtì 30 yẹn kì í ṣe òǹkà lásán! Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ báńkì tí owó ti kúrò, méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tó ń bi mí wà nínú ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún un. N ò dá ọmọ náà lẹ́bi, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Wọ́n kàn gbé e síwájú ìbínú wa, wọn ò fún un ní agbára láti yanjú ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ fún mi: kí n dúró di wákàtí 24.

Wákàtí 24 ti kí ni? Iṣẹ́ mi nìyí, kò sẹ́ni tó lè fi bò mí lójú. Bí mo bá ní kí owó lọ, báńkì mi á yọ ọ́, á ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ NIBSS, iléeṣẹ́ tó so gbogbo báńkì pọ̀, sí báńkì kejì pé kí wọ́n san án. Bí èsì ò bá dé lásìkò, báńkì mi ò ní mọ̀ bóyá owó dé tàbí kò dé. Ìyẹn yé mi, nẹ́tíwọ̀kì lè já nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n bí o bá rán ọmọ ní iyọ̀ tí kò tètè dé, ṣé wàá jókòó di ọ̀la ni, àbí wàá pe oníyọ̀ kí o bi í bóyá ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ọ̀nà àtibéèrè wà. Kọ̀ǹpútà lè fi session ID yẹn béèrè lemọ́lemọ́ títí èsì á fi wá, bí báńkì kejì ò bá sì rí i gbà, kí ó dá owó padà fúnra rẹ̀. Láti 2011 la ti ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ ní Nàìjíríà! Ní 2020, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí owó tí ATM bá yọ tí kò sì pọ̀ jáde padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá jẹ́ ATM báńkì ẹni, kí ó má ju wákàtí 48 lọ tó bá jẹ́ ti báńkì mìíràn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Owó tí wọ́n ń yọ lára wa ni kì í há. Ẹ gbọ́ ọ rí pé 50 náírà tí wọ́n ń yọ fún ìjọba lórí 10,000 sókè há? Owó SMS ńkọ́? USSD tó ń já 6.98 náírà lára kírẹ́díìtì wa láti oṣù kẹfà 2025, ṣé ìyẹn náà ń dúró di ọ̀la? Dátà tí mo fi ń ṣí áàpù wọn ti fò sókè ní 2025 kan náà, nẹ́tíwọ̀kì Kubwa ò sì tìtorí ẹ̀ sàn. Àwọn báńkì yìí ló tún ń wá ẹni tí kò ju ọdún 26 lọ tó ti kọ kọ́ódù fún ọdún márùn-ún! Àwọn tó mọ ẹ̀rọ yẹn dunjú ti lọ sí Kánádà, ẹni tó kù ń dá ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta. Ẹ sanwó fún àwọn tó mọṣẹ́!

Kí ẹ sì rántí oṣù kejì 2023, nígbà tí owó bébà di àwátì. Ojú wa ló ṣe é. Owó wà ní báńkì, oúnjẹ wà lọ́jà, ebi ń pa èèyàn torí transfer ò lọ.

Aago mẹ́rin lù, mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ yẹn gbà kí n lo laptop níbẹ̀, kí n má ṣáà gbé e jáde. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn mi, àwọn oníbàárà ń ná ọjà lórí mi, iṣẹ́ tí mo fi òru ṣe ń dúró gbagidi lójú àwọn ará Jámánì. Ọ̀gá mi bi mí bóyá mo wà níbi tí mo ti lè ṣiṣẹ́. Kí ni kí n wí? Wọ́n ní ká fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Nyanya ló fi 85,000 mìíràn ránṣẹ́ láti báńkì tirẹ̀ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ mi. Mo wá di ajigbèsè nígbà tí owó tèmi wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bí ti àkọ́kọ́ bá sì wá bọ́ sí àkáǹtì ọmọ yẹn lọ́la, èmi náà ni mo tún máa máa bẹ̀ ẹ́ kó dá a padà.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin oníbáńkì: bí ẹ ò bá mọ ibi tí owó wà, ẹ kọ́kọ́ dá a padà fún wa, kí ẹ wá máa wá a fúnra yín. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀rọ, ẹ̀yin ni kó máa dúró wákàtí 24. Ẹ sì dá 85,000 mi padà lónìí.